Kí Ìlú Tó Dé Bá Ọ̀nà

Bí ọjà bá tú tán lágbègbè Ọ̀rà, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ alábàárù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù á ti fẹ̀yìn rìn dé ẹ̀bá ọjà, wọ́n á ti já pákó ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Àpò gààrí ló ń kọ́kọ́ wọlé, nítorí òun ló lè gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Iṣu á tẹ̀ lé e, pẹ̀lú koríko gbígbẹ láàárín kó má baà bó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló ń gbẹ̀yìn, torí pé kò fẹ́ ohun tó máa jókòó lé e lórí.

Ọmọ ọkọ̀ á ju okùn kọjá lórí tapólì, ẹni tó wà lódìkejì á gbá a mú, á ti ẹsẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, á sì fà á títí okùn á fi le. Dẹ́rẹ́bà á mú irin kékeré, á máa fi gbá táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fetí sí ìró wọn. Èyí tó kún á dún gán-ún, èyí tí afẹ́fẹ́ ti dín nínú rẹ̀ á dún bọ̀ọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bí ọ̀nà ṣe jìn tó ló ń gbé dẹ́rẹ́bà lọ́kàn. Aago ni. Láti Ọ̀rà, á gba Ìlá-Ọ̀ràngún, á gba Ọ̀yán àti Òkukù jáde sí Ìkìrun, á wá dojú kọ Òṣogbo. Ó fẹ́ la Òṣogbo kọjá kí àwọn ọmọ iléèwé tó jáde, kó sì kọjá Ìwó Road n'Ìbàdàn kí ọkọ̀ tó há síbẹ̀. Bí àkókò méjèèjì bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di ọ̀sán gangan kó tó dé Mile 12 l'Ékòó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbé ní tútù á ti máa pọ́n, oníbàárà á sì ti mọ̀ pé ẹni tó gbé e wá kò lè gbé e padà sílé.

Bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ tí kò kúrò l'Ọ́rà ṣe ń pàdánù owó ní góríta Òṣogbo.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú fún ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní báípáàsì, kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ará ìlú ńlá nìkan. Ó kan àwa Ìgbómìnà gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tí mo sì rí nínú ìtàn irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni pé, ọjọ́ tí wọ́n da ọ̀dà kọ́ ni wọ́n ń pinnu bóyá ọ̀nà náà á wúlò fún àwọn ọmọ wa. Ọjọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀ rẹ̀ ni.

Ọ̀nà tó ń gba iwájú ààfin

Ìlú Yorùbá kì í ṣòro mọ̀. Ààfin ló wà láàárín, ọjà ọba wà níwájú ààfin, gbogbo ọ̀nà sì ń forí sọ ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò dé, ojú ẹsẹ̀ àtijọ́ ló tẹ̀ lé, láti ààfin kan dé òmíràn. Ọ̀nà náà bójú mu fún kẹ̀kẹ́ àti fún lọ́rì onípákó tó ń gbé kòkó àti obì.

Nígbà náà, ẹrù wúwo kò fi bẹ́ẹ̀ sí lórí ọ̀dà, ojú irin ló ń gbé e. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì kọjá sí Ìkìrun, Òkukù àti Ọ̀fà kó tó wọ Ìlọrin. Bí ojú irin ṣe ń kú díẹ̀díẹ̀ ni ẹrù ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ọ̀dà. Sìmẹ́ǹtì, epo bẹntiróòlù, màlúù láti òkè ọya, pákó láti inú igbó, gbogbo rẹ̀ di ti tírélà. Kò sì sí ẹni tó lè fẹ ọ̀nà iwájú ààfin láìwó ilé àwọn baba ńlá.

Òṣogbo di olú-ìlú ìpínlẹ̀ nígbà tí wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1991. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba dé, àwọn òṣìṣẹ́ dé, ilé gbígbé pọ̀ sí i. Ọ̀nà Ìkìrun, ti Iléṣà, ti Ẹdẹ àti Gbọ̀ngán, ti Ìwó, gbogbo wọn ló ń pàdé sínú ìlú kan náà. Ní 2021, nígbà ìjọba Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá, wọ́n kọ́ afárá sí góríta Ọláìyá, ó sì tu àwọn ọkọ̀ kéékèèké lára. Ṣùgbọ́n afárá kò lé tírélà jáde nínú ìlú. Ó kàn gbé e kọjá góríta kan ni, tírélà náà á sì tún sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ọlọ́kadà, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá àti àwọn tó ń sọdá títì.

Ìpalára tí ọkọ̀ wúwo ń ṣe kò mọ sórí dídí ọ̀nà. Láàárín 1958 sí 1960, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kọ́ àwọn ọ̀nà àyẹ̀wò ní ìpínlẹ̀ Illinois, wọ́n sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lórí wọn léraléra láti mọ ohun tó ń fọ́ ọ̀nà. Ohun tí wọ́n rí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń ṣírò ọ̀nà títí dòní: bí ẹrù tó wà lórí áàsù ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe sí ọ̀dà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 16. Tírélà kan tó gbé ju agbára rẹ̀ lọ lè ba òpópónà jẹ́ ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ kékeré lọ. Nítorí náà, owó tí ìjọba ń ná lọ́dọọdún láti dí kòtò láàárín ìlú, owó báípáàsì tí wọn kò kọ́ wà nínú rẹ̀.

Ohun tí Òṣogbo ti dáwọ́ lé

Kì í ṣe pé Òṣogbo kò ro ọ̀rọ̀ náà. Nígbà ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n pè ní East Bypass, tí wọ́n fi orúkọ Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí sọ, nǹkan bíi kìlómítà 17 àti ààbọ̀. Èrò rẹ̀ yéni: kí ẹni tí kò ní ohunkóhun ṣe ní àárín ìlú máa gba apá ìlà-oòrùn kọjá.

Ṣùgbọ́n iye owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé láti 2014. Nígbà tó fi máa di 2015, ìpínlẹ̀ náà kò lè san owó oṣù pé fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, ààbọ̀ ni àwọn kan ń gbà. Níbi tí a ti ń wá owó oṣù, iṣẹ́ ọ̀nà kò lè yá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọdún tí yóò gbà lè gùn ju sáà gómìnà kan lọ.

Ilẹ̀ Òṣogbo pàápàá ní ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ la ọ̀nà. Odò Ọ̀ṣun wà níbẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, hẹ́kítà 75, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Kò sí ẹni tó lè fa ìlà gbọọrọ lórí máàpù kó ní ó ti parí. Òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká tí Nàìjíríà ṣe ní 1992 sì ti pa á láṣẹ pé kí irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ gba àyẹ̀wò kí katakátà tó wọ igbó.

Àwọn tó ń ṣètò ìlú máa ń sọ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ibi tí ọ̀nà á gbà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ibo ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń bọ̀, ibo ni wọ́n ń lọ? Wọ́n á rán àwọn ọ̀dọ́ sí ẹnu ọ̀nà ìlú tọ̀sán-tòru, wọ́n á ka ọkọ̀, wọ́n á dá dẹ́rẹ́bà dúró bi í léèrè. Bó bá jẹ́ pé Òṣogbo gan-an ni ọ̀pọ̀ tírélà ń já ẹrù sí, báípáàsì nìkan kò ní ṣe é, àfi kí wọ́n kọ́ ibi ìjẹ́rù sẹ́yìn ìlú. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọjá lọ, ìgbà náà ni ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú á tu gbogbo èèyàn lára.

Ẹ̀kọ́ tí Ìbàdàn fi owó rà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó máa ń gbẹ̀yìn ọ̀nà tí wọn kò ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀, kó lọ wo Ìbàdàn.

Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kò wọ àárín Ìbàdàn rárá. Ó gba ìlà-oòrùn, láti Toll Gate lọ sí Ìwó Road, títí dé Ọjọ́ọ̀ níhà ọ̀nà Ọ̀yọ́. Lásìkò náà, oko ló pọ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Ìlọrin lè kọjá láìrí Mọ́kọ́lá tàbí Dùgbẹ̀. Báípáàsì ni, ó sì ṣiṣẹ́.

Ẹ wá wo Ìwó Road lónìí. Gáréèjì wà níbẹ̀, ọjà wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, ilé sì ti kọjá rẹ̀ lọ jìnnà réré. Ìlú dé bá ọ̀nà, ó gbé e mì. Dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ láti Ìlá kò rí i bí ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú mọ́. Àárín ìlú ni lójú tirẹ̀.

Nítorí bẹ́ẹ̀ ni Ìbàdàn fi tún ń la òmíràn. Láti ìgbà Gómìnà Rashidi Ládọjà, ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ni èrò Circular Road ti wà, kìlómítà 110 yí ìlú po. Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lápá ìlà-oòrùn ní 2017. Gómìnà Ṣèyí Mákindé dé ní 2019, ìjọba rẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, wọ́n sì fi orúkọ Ládọjà, tó gorí ìtẹ́ Olúbàdàn ní 2025, sọ ọ̀nà náà. Ẹ wo iye gómìnà tí ọwọ́ wọn ti kan ọ̀nà kan ṣoṣo.

Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ tó kìlómítà 32, láti ọ̀nà márosẹ̀ Èkó dé ọ̀nà Ifẹ̀ níhà Bádékù. Apá yìí gan-an ló kan ẹrù Ìgbómìnà. Ọkọ̀ tó gba Gbọ̀ngán jáde láti Òṣogbo lè yà kó tó wọ Ìbàdàn, kó sì bọ́ sórí ọ̀nà Èkó láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ n'Ìwó Road.

Lẹ́yìn náà ni ìjà ilẹ̀ dé. Ìjọba kéde mítà 500 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà náà gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí òun fẹ́ gbà fún ìdàgbàsókè tó létò. Àwọn onílé àti onílẹ̀ figbe ta. Ọ̀pọ̀ ti kọ́lé, àwọn kan ní ìwé lọ́wọ́. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì. Bí ìjọba kò bá di ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mú, ohun tó ṣe Ìwó Road á tún ṣe ọ̀nà tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ́lé tán kó tó gbọ́ pé ilẹ̀ rẹ̀ ti di ti ìjọba, ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Ká ní wọ́n ti wọn ilẹ̀ náà, tí wọ́n ti kéde rẹ̀ lábúlé dé abúlé, tí wọ́n sì ti sanwó nígbà tó ṣì jẹ́ oko, ariwo náà ì bá má tó bẹ́ẹ̀.

Ìlàjì ọ̀nà kì í gbani

Ẹ̀kọ́ kejì wà lójú ọ̀nà Ìlọrin. Ọ̀nà tuntun láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kìlómítà 52, ni ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 2010. Gbogbo ọdún tí iṣẹ́ náà fi ń falẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ èrò fi ń forí gbárí lórí ọ̀nà àtijọ́ tóóró. Ẹ̀mí tó ti bá ọ̀nà yẹn lọ pọ̀, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti ké gbàjarè títí ohùn wọn fi há.

Báípáàsì tí kò dé ibi tó ń lọ kò gba ẹnikẹ́ni là. Ó sàn kí ìjọba kọ́ kìlómítà mẹ́wàá tó so ọ̀nà méjì pọ̀, ju kó hú igbó ọgọ́rùn-ún kìlómítà kí igbó náà tún padà hù.

Ta ló ń san owó ọ̀nà?

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá nílò ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ìlú, ó lè gbà á. Owó gbà-má-bínú tó gbọ́dọ̀ san dá lórí ohun tó wà lórí ilẹ̀: ilé, igi, irè oko. Ìyẹn ni pé àgbẹ̀ á gba owó igi kòkó rẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iye kankan nínú ìṣirò náà.

Igi kòkó kan lè so fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi obì náà kì í ṣe ohun ọdún kan. Ìbéèrè tó máa ń wà lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ yé mi dáadáa: ṣé owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè rọ́pò ohun tó ń bọ́ ilé lọ́dọọdún? Àwọn tó ń díyelé ilẹ̀ náà máa ń ṣàròyé pé iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún igi kì í bá ọjà rìn, àti pé ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò.

Bí a bá ń gégi nígbó, ká fọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ẹni tí ọ̀nà gba oko rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí kò jèrè kankan nínú ọ̀nà náà. Ohun tí a lè fún un pọ̀ yàtọ̀ sí owó: ìsọ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tuntun, ilẹ̀ oko mìíràn nítòsí, iṣẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń la ọ̀nà. Kí wọ́n sì sanwó rẹ̀ kí katakátà tó dé.

Ìyá olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ńkọ́?

Ẹ̀rù ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú ń ba àwọn kan, wọn ò sì jẹ̀bi. Ìyá tó ń ta àmàlà fún dẹ́rẹ́bà, fọkanáísà tó ń lẹ táyà, ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá, ọkọ̀ tó ń dúró ló ń bọ́ wọn. Bí ọkọ̀ bá yà sẹ́yìn ìlú, oúnjẹ ilé wọn náà yà síbẹ̀ nìyẹn.

Ọkọ̀ akẹ́rù kì í sì í ṣíwọ́ ìdúró. Ibi tó bá rí ló ń dúró sí bí a kò bá fún un láyè. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó mọ Ògèrè: tírélà tò lọ bẹẹrẹ, àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí ọ̀nà. Dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ sùn, ó gbọ́dọ̀ jẹun, ó gbọ́dọ̀ tún ọkọ̀ ṣe. Ẹni tó la báípáàsì láìya ibi ìgbọ́kọ̀sí sí i, orí ọ̀nà ló ní kí wọ́n sùn.

Ìdáhùn kan ló wà fún ọ̀rọ̀ méjèèjì. Kí ìjọba kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ní iná, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìsọ̀, kí ó sì fún àwọn tó ti ń tajà lójú ọ̀nà àtijọ́ ní àyè níbẹ̀ kó tó ta fún olówó.

Ohun tí ojú àwọn ẹlòmíràn rí

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ M25, ọ̀nà kìlómítà 188 tó yí ìlú náà ká, tí wọ́n parí ní 1986. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi kún un. Ní 1994, ìgbìmọ̀ kan tó ń gba ìjọba Bìrìtìkó nímọ̀ràn jábọ̀ pé ọ̀nà tuntun fúnra rẹ̀ lè pe ọkọ̀ tuntun jáde. Ní Lomé, ìjọba Tógò la ọ̀nà tó yí ìlú po kí ọkọ̀ tó ń kó ẹrù láti èbúté lọ sí òkè lè yẹra fún àárín ìlú.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ti Lọ́ńdọ̀nù ni pé báípáàsì kò gbọdọ̀ ní ẹnu ọ̀nà púpọ̀. Bí gbogbo ilé bá ti ń kọjú sí i, ó ti di àdúgbò. Kò sì yẹ ká gbàgbé ojú irin: rélùwéè tuntun láti Èkó ti dé Mọníyà n'Ìbàdàn láti 2021. Ọjọ́ tó bá dé Òṣogbo, gbogbo ẹrù tó bá gbé kúrò lórí ọ̀dà, ìtura ló jẹ́ fún wa.

Ìlá, àsìkò wa nìyí

Ẹnì kan lè ní Ìlá kò tíì ní wàhálà Òṣogbo, àti pé Ọ̀rà àti Òkè-Ìlá kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Òtítọ́ ni, òun gan-an sì ni agbára wa. Kò tó àádọ́ta ọdún tí Ìwó Road fi kúrò lẹ́bàá oko tó di àárín ìlú. Ilẹ̀ Ìgbómìnà wa wà níbi tí Ọ̀ṣun, Kwara àti Èkìtì ti súnmọ́ ara wọn. Bí ọ̀nà láti Ìlá sí ìhà Ọ̀mù-Àrán bá dára délẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù láti òkè ọya á máa gbabẹ̀, iwájú ààfin Ọ̀ràngún ni wọn yóò sì máa gbà bí wọn kò bá rí ibòmíràn.

Ilẹ̀ ẹ̀yìn Ìlá ṣì jẹ́ oko lápá púpọ̀. Àkókò yìí ló rọrùn jù láti ya ìlà kan sọ́tọ̀, kò sì tíì béèrè owó ọ̀dà. Ohun tó ń béèrè ni kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá àti ti Ifẹ́dayọ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn ọba, àwọn olórí ẹbí onílẹ̀ àti àwọn awakọ̀. Kí wọ́n pe awọnlẹ̀, kí wọ́n ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, kí wọ́n kọ ìlà náà sínú ìwé ìjọba ìpínlẹ̀, kí wọ́n sì lẹ máàpù rẹ̀ sí ojú gbangba, kí ẹnikẹ́ni má baà ra ilẹ̀ ibẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó ń dáko lórí ìlà náà lè máa dá a lọ títí ọjọ́ tí owó ọ̀nà bá dé. Ilé nìkan ni kí wọ́n má kọ́ síbẹ̀.

Òṣogbo náà ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ibi tí ìlú kò tíì dé. Gómìnà tó bá gba ìjọba kò gbọdọ̀ máa béèrè ta ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà kó tó parí rẹ̀. Ìjọba tó ri òpó ààlà sílẹ̀ lónìí lè má rí ọkọ̀ kankan kó gba ibẹ̀ kọjá ní sáà tirẹ̀. Àwọn tó gbin obì tí à ń ká lónìí náà kò wo sáà kí wọ́n tó gbìn ín.